Ọwọ́ Aró Lẹ́yìn Aṣọ Funfun

"O fẹ́ pa mí! Ìwọ Sípánà, o fẹ́ pa mí ni!"

Ìjì ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù. Ẹ fetí sí i dáadáa. "Ìwọ" ló pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò pè é ní Bọ̀ọ̀dá mi, kò sọ pé ẹ̀yin. Àbúrò tí wọ́n jọ mu ọmú kan náà, tí ẹ̀gbọ́n pọ̀n sẹ́yìn nígbà tí ìyá wọn ń lọ síbi iṣẹ́, òun ló na ìka sí i lójú bí ẹni ń bá ajá wí. Bí ọ̀rọ̀ inú ilé bá ti dé ibi tí "ẹ" ti di "o", kí aládùúgbò yáa ti ilẹ̀kùn tirẹ̀. Ohun burúkú ti wọlé nìyẹn, kò sì ní í jáde bó ṣe wọlé.

Èjìká Ìjì ti bó. Ẹ̀jẹ̀ gbẹ mọ́ ẹ̀wù ìdíje tó wà lọ́rùn rẹ̀. Alùpùpù rẹ̀ wà nílẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì, irú alùpùpù gíga tí wọ́n fi ń díje lórí òkè iyanrìn, tí kò ní iná, tí kò ní dígí, tí ẹnikẹ́ni kì í gùn lójú títì. Ṣéènì rẹ̀ ti bọ́, ó wé mọ́ táyà ẹ̀yìn bí òkú ejò.

"Àbúrò mi, fara balẹ̀." Sípánà tiro lọ síbi táyà, ó bẹ̀rẹ̀. Òun náà ti gun alùpùpù ìdíje rí. Ibẹ̀ ló ti kán lẹ́sẹ̀, orúnkún òsì rẹ̀ kò sì ká dáadáa mọ́ láti ọjọ́ náà. "Nọ́ọ̀tì tó di táyà ẹ̀yìn mú ló tú. Èmi fúnra mi ni mo dè é. Mo dè é, mo tún padà lọ wò ó."

"O dè é! Ta ló wá tú u? Àǹjọ̀nú?"

"Mi ò mọ̀."

"O mọ̀! Ìlara ni! Ẹsẹ̀ ẹ ti kán, o ò lè gùn ún mọ́, ló bá ń bí ẹ nínú pé èmi ń gùn ún! Níjọ́sí ńkọ́? Omi nínú tánkì epo! Ẹ́ńjìnnì kú mọ́ mi nídìí níwájú gbogbo ayé! Lónìí, ṣéènì bọ́! Lọ́la ńkọ́? Búrẹ́ẹ̀kì? Àfi kí ọrùn mi kán kí inú ẹ tó dùn?"

Ìyàwó Sípánà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ká ọwọ́ lórí, ó ń sunkún. Ẹ wo ojú rẹ̀. Ẹkún náà kò lómi.

"Ọkọ mi kékeré, ẹ má bínú," ló wí fún àbúrò ọkọ rẹ̀. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ fún ẹ̀gbọ́n yín pé kí wọ́n sinmi. Ojú wọn ò ṣe dáadáa mọ́. Ẹ̀yin náà ẹ wò wọ́n, fóòmù kékeré lásán tó ń sẹ́ eruku fún ẹ́ńjìnnì, wọ́n á kó ọ̀rá wọ ọwọ́ méjèèjì bí agbẹ̀bí, wọ́n á máa tẹ̀ ẹ́, wọ́n á máa tẹ̀ ẹ́! Ẹni tó ń fi gbogbo ọ̀sán gbẹ̀bí fóòmù, ìgbà wo ló fẹ́ ráyè nọ́ọ̀tì?"

Ìjì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ìkà. "Agbẹ̀bí! Orúkọ yẹn bá ẹ mu. Agbẹ̀bí Sípánà!"

Sípánà yí sí ìmọ́lẹ̀. Ó ń wo nọ́ọ̀tì tó mú lọ́wọ́. Àmì eyín sípánà wà lára rẹ̀, ó yí sí ọ̀nà ìtú, kì í ṣe ọ̀nà ìdè. Ẹnìkan ló fi ọwọ́ tú u. Ó rí i. Ẹ̀rù bà á láti sọ ọ́, torí nínú ilé náà, àwọn mẹ́rin péré ló ń wọ inú ṣọ́ọ̀bù: òun, àbúrò rẹ̀, ìyá wọn, àti ìyàwó rẹ̀. Èwo ni kó nàka sí? Ó fi nọ́ọ̀tì sápò. Sùúrù dára, ṣùgbọ́n nígbà mìíràn sùúrù a máa fún ọ̀dàlẹ̀ láyè.

Ìyá wọn jókòó lórí táyà ògbólógbòó ní kọ̀rọ̀. Ọkọ rẹ̀ tó ti kú ló ni ṣọ́ọ̀bù náà, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lọ́rùn màmá, ó so ó mọ́ okùn. Bí Sípánà bá ti ilẹ̀kùn tán nírọ̀lẹ́, ọ̀dọ̀ ìyá ni kọ́kọ́rọ́ ń sùn. Obìnrin yẹn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Lọ́jọ́ náà ó dìde.

"Ó tó gẹ́ẹ́. Mi ò bí ọmọ méjì kí ọ̀kan máa sin èkejì. Sípánà, ìdíje ńlá ń bọ̀ lọ́jọ́ ìsinmi. Bí maṣíìnì yìí bá tún já àbúrò ẹ kulẹ̀, kọ́kọ́rọ́ yìí ò ní í kan ọwọ́ ẹ mọ́ láéláé. Ìjì á kó maṣíìnì rẹ̀ lọ bá Kíróòmù. Màá ti ibí pa, màá sì fi ilé iṣẹ́ bàbá yín fún ẹni tó bá fẹ́ rà á."

"Ìyá, ẹ̀yin náà?"

"Èmi náà ni."

Ìyàwó Sípánà tẹ orí ba. Ó fi etí ìborùn nu ojú tí kò tutù. Lábẹ́ ìborùn yẹn, ẹnu rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín! Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani, àwọn àgbà kò parọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Kíróòmù báyìí. Kí n sọ ọ́ jẹ́ẹ́, torí irú èèyàn bẹ́ẹ̀ a máa bani lẹ́rù. Mẹkáníìkì ni òun náà, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ òpópónà kan náà. Aṣọ funfun báláú ló ń wọ̀ ṣiṣẹ́. Àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ló ń fọwọ́ kan girísì, òun á dúró tì wọ́n, á kó ọwọ́ sẹ́yìn, á máa pàṣẹ. "Ẹ wo aṣọ mi," á sọ fún oníbàárà. "Mẹkáníìkì tó mọ iṣẹ́ kì í dọ̀tí." Àwọn èèyàn á sì gbà á gbọ́. Ayé fẹ́ràn ohun tó ń dán.

Kíróòmù ń wá ojú ṣọ́ọ̀bù Sípánà, torí oríta ló wà, ibi tí gbogbo elére ìdíje ń gbà kọjá. Ó ń wá Ìjì náà, kí orúkọ Ìjì lè máa pe oníbàárà wá fún un. Kí ló tún ń wá? Ìyàwó oníyàwó ni. Ó sì ti rí ìyẹn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì ìjà náà, obìnrin yìí jókòó nínú ọ́fíìsì Kíróòmù, lẹ́yìn aṣọ fèrèsé tí wọ́n fà bo gíláàsì.

"Ó ku ẹyọ kan," ni Kíróòmù wí. "Omi ti ṣiṣẹ́. Nọ́ọ̀tì ti ṣiṣẹ́. Tí ẹ̀kẹta bá ṣiṣẹ́, ìyá àgbà yẹn á ta ṣọ́ọ̀bù, èmi ni màá sì rà á."

"Èmi ńkọ́? O ní wàá gbé mi níyàwó! Ó ti sú mi! Ìyàwó arọ, ìyàwó arọ! Bó bá dé, girísì ni. Bó bá sùn, girísì ni. Nínú àlá rẹ̀ gan-an, orúkọ ẹ́ńjìnnì ló ń pè!"

"Màá gbé ẹ. Ṣe ohun tí mo bá sọ ṣá. Ṣé o mọ fóòmù tó wà nínú àpótí abẹ́ ìjókòó?"

"Ṣé èyí tó máa ń gbẹ̀bí rẹ̀?"

Kíróòmù rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. "Òun gan-an. Ibẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì ń gbà mí. Fóòmù yẹn ni kì í jẹ́ kí iyanrìn wọlé. Yọ ọ́, da ẹ̀kúnwọ́ iyanrìn kan sẹ́yìn rẹ̀, dá a padà. Ẹ́ńjìnnì á máa gbé e mì díẹ̀díẹ̀. Bí ọmọ náà bá fi dé orí òkè tó ga jù, á gan pa."

"Nígbà tó bá wà lókè? Nígbà tó bá ń fò?"

"Nígbà tó bá ń fò."

Obìnrin náà fa etí ìborùn rẹ̀. "Ṣé kò ní í kú?"

"Tó bá kú ńkọ́? Ta ni wọ́n máa mú? Àbí ìwọ lo tún maṣíìnì ṣe?"

Obìnrin náà dìde. Ó tún ìborùn rẹ̀ wé, ó jáde. Ọmọ tó ń pè ní ọkọ mi kékeré, tó máa ń kí i kó tó wọlé! Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹni tó ń sunkún lẹ́nu ọ̀nà yín, ẹ máa wo ojú rẹ̀ dáadáa.

Sípánà kò mọ nǹkan kan. Ó tú maṣíìnì náà palẹ̀ pátá, bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́. Ó fọ ṣéènì, ó fi epo pa á, ó fà á kó má le jù, kó má sì dẹ̀ jù. Ó fi sípánà kékeré lu àwọn wáyà tó di rìmù mú, lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tẹ́tí. Èyí tó bá dún gbọ̀ọ̀, tí kò dún gán-án, ó dẹ̀ nìyẹn, á dè é. Ó pe Ìjì kó wá jókòó sórí ìjókòó, kó lè wo bí ṣọ́ọ̀kì ṣe ń rì tó lábẹ́ ìwọ̀n rẹ̀. Ìjì wá. Ó jókòó, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò kí i.

"Èjìká ẹ ńkọ́?"

"Ṣe iṣẹ́ ẹ."

Sípánà yí ìdè ṣọ́ọ̀kì díẹ̀. Omi wà lójú rẹ̀, ó sọ pé epo ló ta sí i.

Fóòmù ló ṣe kẹ́yìn, méjì pọ̀, ọ̀kan tó máa wà nínú maṣíìnì àti àpààrọ̀ rẹ̀. Ó fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó sá a títí ó fi gbẹ. Lẹ́yìn náà ló wá kan òróró tó máa ń mú eruku, tó lẹ̀ bí oje igi. Gbogbo elére yòókù ń ra tiwọn nínú agolo, pupa ni. Ti bàbá wọn ni Sípánà ń pò ní tirẹ̀. Bàbá yẹn máa ń bu aró díẹ̀ sínú òróró, kí ojú lè rí ibi tí òróró ò tíì dé lára fóòmù. Ibi tó bá ṣì funfun, iyanrìn á gba ibẹ̀ wọlé. Sípánà wọ ọ̀rá sọ́wọ́ méjèèjì, ó ń tẹ fóòmù náà, ó ń tẹ̀ ẹ́, títí gbogbo ara rẹ̀ fi di àwọ̀ aró dọ́gba. Kò lọ́ ọ bí aṣọ. Ẹni tó bá lọ́ fóòmù, á já a lójú ìlẹ̀pọ̀. Bàbá wọn ló kọ́ ọ. Ó dá ọ̀kan padà sí àyè rẹ̀, ó wé àpààrọ̀ sínú ọ̀rá, ó kó o sí àpótí irinṣẹ́.

Ìyàwó rẹ̀ gbé omi tútù wá fún un. "Ẹ kú iṣẹ́, olówó orí mi. Agbẹ̀bí wa! Kí lẹ tún ń kó ọ̀rá sọ́wọ́ fún ná? Ẹ kàn ń ṣe fáàrí."

"Ó ní ìdí ẹ̀," ni Sípánà wí, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ọpẹ́ ni pé mo ní ìwọ. Gbogbo ilé ti kẹ̀yìn sí mi."

"Èmi ò lè kẹ̀yìn sí yín láéláé. Kí n kú tí mo bá ṣe é!"

Ó fi ẹnu ara rẹ̀ búra. Ẹ rántí ìbúra yẹn.

Ọjọ́ ìdíje pé. Pápá iyanrìn kún. Oòrùn mú, ariwo ẹ́ńjìnnì gba ojú ọ̀run, èéfín ń ta ní imú. Sípánà yẹ gbogbo nǹkan wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó wo nọ́ọ̀tì táyà ẹ̀yìn títí ojú fi ro ó. Ó fi aṣọ bo maṣíìnì. Ó di dandan kó bá Ìjì rìn yí òpópó iyanrìn ká, kó lè mọ bó ṣe jìn tó, kó lè dín atẹ́gùn táyà kù bó bá yẹ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń ṣe kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. Ìyá wọn jókòó lábẹ́ àtíbàbà, ní iwájú.

"Bá mi ṣọ́ ọ," ló wí fún ìyàwó rẹ̀. "Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án."

"Ta ló tó bẹ́ẹ̀!"

Wọn ò tíì rìn jìnnà tí obìnrin náà fi ṣí aṣọ. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó fa àpótí abẹ́ ìjókòó, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ọwọ́ lásán, láìsí ọ̀rá. Fóòmù yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ bí ẹja. Ó yọ ọ́, ó da iyanrìn sí àyè rẹ̀. Ó fẹ́ dá fóòmù padà, kò wọlé, ó tóbi lójú rẹ̀. Kí ló ṣe? Ó lọ́ ọ! Ó lọ́ ọ gírígírí bí ẹni ń fún aṣọ ìnura, kó lè kéré. Fóòmù fa ya lójú ìlẹ̀pọ̀. Kò mọ̀. Ó rún un wọlé pẹ̀lú ipá, ó ti àpótí.

Ìdí ọkọ̀ akẹ́rù ni Kíróòmù ti yọ jáde, nínú aṣọ funfun báláú.

"Ṣé ó ti wọlé?"

"Ó ti wọlé."

"Ìyàwó mi!" Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbé obìnrin náà sókè nílẹ̀. Obìnrin náà dì mọ́ ọn lẹ́yìn pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, kó má baà ṣubú. Ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó yára lọ.

Ìgbà yẹn ni obìnrin yìí tó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Yéè! Aró! Ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kò lọ. Ó fi bẹntiróò fọ̀ ọ́, ó fi iyanrìn ha á. Àtẹ́lẹwọ́ ṣá díẹ̀, abẹ́ èékánná kò ṣá. Ó bọ́ ìborùn rẹ̀, ó fi wé ọwọ́ méjèèjì. Ọwọ́ tirẹ̀ nìkan ló rò. Kò rántí ibi tí ọwọ́ náà ti dé.

Wọ́n pe àwọn elére sójú ìlà. Ìjì gun maṣíìnì, ó tẹ̀ ẹ́, ẹ́ńjìnnì dáhùn. Gbogbo èèyàn gbọ́ ariwo. Sípánà nìkan ló gbọ́ ohùn. Ohùn náà há, ó ń mí kíkankíkan bí ẹni tí nǹkan há lọ́fun. Kò dúró ro ó. Ó sáré pẹ̀lú ẹsẹ̀ yẹn, ó na ọwọ́ láàárín apá àbúrò rẹ̀, ó pa ẹ́ńjìnnì.

"Kí ló ń ṣe ẹ́!" Ìjì fò sílẹ̀, ó tì í. Sípánà ṣubú lu orúnkún tó kán. "Ojú ìlà! Ojú ìlà lo ti wá bà mí lójú jẹ́! Ẹ gbà mí o! Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀tá mi!"

"Má tàn án!" Sípánà ń rá lórí iyanrìn lọ síbi maṣíìnì. "Mo bẹ̀ ẹ́, má tàn án! Ó ń mu atẹ́gùn níbi tí kò yẹ!"

"Orí ẹ ló ń mu atẹ́gùn!"

Àsíá sọ̀ kalẹ̀. Àwọn yòókù ti lọ, wọ́n da iyanrìn bo gbogbo wọn. Sípánà ṣí àpótí abẹ́ ìjókòó. Fóòmù wà níbẹ̀, ó lọ́ bí èkísà, ojú rẹ̀ ya, iyanrìn funfun sì kún ìdí rẹ̀. Ìjì rí i. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, èyí sì burú ju ariwo lọ.

"Iyanrìn. O fi iyanrìn sí i. Mo ti fẹ́ bẹ́ lórí òkè ńlá yẹn pẹ̀lú iyanrìn nídìí."

"Kì í ṣe èmi!"

"Ta ló tún ń fọwọ́ kàn án? Ta ni?"

Ìyá wọn ti dé. Ó wo iyanrìn, ó wo Sípánà tó kúnlẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sí okùn ọrùn rẹ̀, síbi kọ́kọ́rọ́. Ó dì í mú.

Ìyàwó Sípánà ki ẹkún bọnu. "Yéè! Mo gbé! Ọkọ mi ti fẹ́ di apànìyàn! Mo sọ fún wọn! Mo sọ fún wọn kí wọ́n sinmi!"

Bí ọ̀rọ̀ náà bá dúró síbẹ̀, bóyá ilẹ̀ ì bá mọ́ bá Sípánà lójú títì. Ṣùgbọ́n Kíróòmù kò lè dákẹ́. Ìkà kì í mọ ìgbà tí oúnjẹ ti tó. Ó là àwọn èèyàn kọjá, ó gbé àyà síwájú.

"Mo ti ń wí i!" ló pariwo. "Gbogbo yín, ẹ bojú wo àfọwọ́fà! Ọkùnrin yìí ń jowú àbúrò ara rẹ̀! Ìyá, ẹ di kọ́kọ́rọ́ yín mú, kí ẹ kó ọmọ yín fún mi. Ẹ wo aṣọ mi! Ẹ ti rí àbàwọ́n lára mi rí?"

Ó nawọ́ méjèèjì. Kó lè dára lójú gbogbo èèyàn, ó yí po.

Ẹ̀rín kọ́kọ́ sọ láti ẹ̀yìn. Ẹnìkan ní, "Ọ̀gá, ẹ tún yí po." Ẹlòmíràn ní, "Háà." Lẹ́yìn náà gbogbo èèyàn rọ́ síwájú láti wò ó.

Ní àárín gbùngbùn ẹ̀yìn aṣọ funfun náà, ọwọ́ méjì ló wà. Ọwọ́ obìnrin. Ìka mẹ́wàá, ó yanjú, àwọ̀ aró.

"Kí lẹ ń wò?" Kíróòmù yí ọrùn, kò rí i. Ó ń yípo bí ajá tó ń lé ìrù ara rẹ̀. "Kí ló wà lẹ́yìn mi?"

Ìyá àgbà sún mọ́ ọn. Ó fi ìka kan kàn án. Ó lẹ̀. Ó gbé ìka náà sí imú.

"Aró ọkọ mi nìyí," ló wí. Ohùn rẹ̀ kò ga. "Ọkọ mi ló ń po èyí. Ọmọ mi nìkan ló tún ń pò ó láyé. Ta ló fi aró ọkọ mi tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn?"

"Èmi? Èmi ò fọwọ́ kan maṣíìnì yín rí! Mo lè búra! Ẹ wo ọwọ́ mi!"

"A mọ̀ pé ìwọ ò fọwọ́ kàn án. Ẹni tó fọwọ́ kàn án ló fọwọ́ kàn ẹ́."

Ìyá kò tilẹ̀ wẹ̀yìn. "Ìyàwó."

"Ìyá?"

"Tú ìborùn yẹn kúrò lọ́wọ́ ẹ."

"Ọwọ́ ń... ọwọ́ ń dùn mí, Ìyá. Mo fi gbá ìdí ọkọ̀."

"Mo ní tú u!"

Ìjì ló fà á. Ìborùn bọ́. Àwọ̀ aró wà láàárín ìka, ó wà lábẹ́ gbogbo èékánná bí ìdọ̀tí òkú.

Sípánà ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó gbójú sókè. "Ìyàwó mi. Ọ̀rá tí o fi ń ṣe mí ní yẹ̀yẹ́, tí mo ní ó ní ìdí ẹ̀. Ìwọ ni?"

Kí ló yẹ kí obìnrin náà sọ? Ì bá bẹ̀bẹ̀. Dípò bẹ́ẹ̀, inú rẹ̀ tó ti ń hó láti ọjọ́ pípẹ́ tú síta.

"Èmi ni! Èmi ni, kí lẹ fẹ́ ṣe? Kí ni mo jẹ nílé yín? Òórùn epo! Ìwọ arọ, o fẹ́ràn nọ́ọ̀tì jù mí lọ!" Ó tọ́ka sí Kíróòmù. "Òun ló sì kọ́ mi! Omi, òun! Nọ́ọ̀tì, òun! Iyanrìn, òun! Ó ní òun máa gbé mi níyàwó!"

"Irọ́!" Kíróòmù ń fẹ̀yìn rìn. "Mi ò mọ obìnrin yìí rí! Ojú mi ò kan tirẹ̀ rí!"

"O ò mọ̀ mí rí?" Ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín wèrè. "Ọwọ́ mi ṣì wà lẹ́yìn ẹ, ọ̀gbẹ́ni! O ò mọ̀ mí rí!"

Ìjì gbé sípánà ńlá nílẹ̀, ó rọ́ lu Kíróòmù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń tiro ló dì í mú lẹ́sẹ̀.

"Fi í sílẹ̀!"

"Ó fẹ́ pa mí!"

"Kò rí ẹ pa. Tí o bá lù ú, ìwọ lo máa sùn sí àgọ́ ọlọ́pàá, òun á lọ sùn sílé. Ìpele kejì ṣì wà. Bá mi gbé àpótí irinṣẹ́ wá."

Àwọn tó ń darí ìdíje ló wá mú Kíróòmù. Wọ́n ní títí ayé, kò gbọ́dọ̀ tẹ pápá náà mọ́, òun tàbí maṣíìnì tó bá tọwọ́ rẹ̀ jáde. Bó ṣe ń lọ, àwọn èèyàn là fún un, wọ́n ń nàka sẹ́yìn rẹ̀. Kò lè bo ibẹ̀. Ta ló lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ bo àárín ẹ̀yìn ara rẹ̀?

Sípánà tú kabúrétọ̀ lórí iyanrìn gbígbóná, ó fi bẹntiróò fọ̀ ọ́, ó tan iná wo ọ̀fun ẹ́ńjìnnì. Iyanrìn kò tíì wọlé. Pípa tó pa á lójú ìlà ló gbà á là. Ó mú àpààrọ̀ fóòmù kúrò nínú ọ̀rá, ó dá a sí àyè rẹ̀. Ẹkún ń bọ́ lójú rẹ̀ ṣáá, kò sì sọ pé epo ló ta sí i.

Ìjì kò gba ipò kìíní. Èjìká kò jẹ́ kó dì í mú bó ṣe yẹ. Ipò kẹta ló ṣe. Ṣùgbọ́n ó fò kọjá òkè ńlá yẹn léraléra, ẹ́ńjìnnì kò sì hú ikọ́ kan.

Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, kò lọ gba ife. Ó bọ́ akoto orí rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú iyanrìn, pẹ̀lú èjìká tó bó yẹn.

"Bọ̀ọ̀dá mi. Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ dárí jì mí. Mo pè yín ní ìwọ."

"Dìde. O ń ba èjìká ẹ jẹ́."

"Ẹ ní ẹ ti dárí jì mí kí n tó dìde!"

"Mo ní dìde, òmùgọ̀! Ṣé mi ò ní í dárí jì ẹ́ ni?"

Ìyá bọ́ okùn ọrùn rẹ̀. Ó fi kọ́ Sípánà lọ́rùn fúnra rẹ̀. "Mo fi ẹnu mi gba ilé iṣẹ́ bàbá ẹ lọ́wọ́ ẹ," ló wí. "Ọwọ́ mi ni mo fi dá a padà. Kọ́kọ́rọ́ yìí ò tún ní í sùn lọ́dọ̀ mi mọ́."

Obìnrin yẹn kó ẹrù rẹ̀ lọ sí ẹnu ọ̀nà Kíróòmù. Ó kan ilẹ̀kùn títí ọwọ́ fi wú. Ẹnìkan wà nínú ilé, aṣọ fèrèsé mì díẹ̀, kò sẹ́ni tó ṣí i. Ó búra pé kí òun kú bí òun bá kẹ̀yìn sí ọkọ òun. Kò kú. Ó wà láàyè, ó ń rù ẹrù kiri láàárín àwọn ẹbí tí ò fẹ́ ẹ. Mo rò pé ìyẹn burú ju ikú lọ.

Ṣọ́ọ̀bù oríta wà ní ṣíṣí. Ìjì fúnra rẹ̀ ló ń fi òróró sí fóòmù báyìí, ọ̀rá lọ́wọ́ méjèèjì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń wò ó.

"Tẹ̀ ẹ́. Má lọ́ ọ!"

"Mo gbọ́, Bọ̀ọ̀dá. Mò ń tẹ̀ ẹ́."

"Ibì kan ṣì funfun níbẹ̀ yẹn."

Ní ìsàlẹ̀ òpópónà, oníbàárà ti kó maṣíìnì wọn kúrò lọ́dọ̀ Kíróòmù lọ́kọ̀ọ̀kan. Aṣọ dúdú ló ń wọ̀ báyìí. Èyí tó funfun yẹn, ó fọ̀ ọ́, ó sá a. Ó tún fọ̀ ọ́, ó tún sá a. Ó wà lórí okùn lẹ́yìnkùlé rẹ̀ títí di òní, atẹ́gùn ń fẹ́ ẹ, ìka mẹ́wàá sì ń juwọ́ sí gbogbo ẹni tó bá ń kọjá.